Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ aládàáni l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá gba èèyàn mẹ́wàá síṣẹ́ nílùú yìí lásìkò yìí tó sì ń rówó san fún wọn, ó gbìyànjú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kẹ́nikẹ́ni tó ní mo wá bú òun ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni síkúùlù láti Bàsírì títí dé Ajílòsùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni họ̀tẹ́ẹ̀lì, ilé epo, kẹ́míìsì, súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn báńkì kékeré tó ń yáni lówó, ẹ̀yin ni lẹ́tà yìí wà fún, ọ̀rọ̀ fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu níbi iṣẹ́ ló sì dá lé. Mi ò kọ ọ́ sí ìjọba torí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ gbà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ní tiwọn lára. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹnì kan náà ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló ń léni, òun náà ló ń gbọ́ ẹjọ́, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ó wá ku ta ni?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ọ̀gá wọn, ẹlẹgbẹ́ wọn tàbí kọ́sítọ́mà ń fi ìbálòpọ̀ yọ lẹ́nu níbi iṣẹ́ ni mo bá wá. (Ó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn ọkùnrin náà, mo mọ ẹnì kan, àmọ́ tàwọn obìnrin ló pọ̀ jù.) Mi ò fẹ́ jiyàn lórí bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá wá la ẹnu tó ní "Sà, ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Báyìí ń ṣe fún mi rèé", ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan máa ń bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa ń bà á jẹ́, ẹ ò ní mọ̀, ẹ rò pé ẹ̀ ń ṣe àgbà ni.

Mo ti ṣiṣẹ́ àkáǹtì rí nílé iṣẹ́ kan nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin kan wà ní káńtà wa, ọmọ jẹ́jẹ́, kì í pẹ́ dé, owó ẹ̀ kì í dín. Súpáfáísọ̀ ẹ̀ máa ń fara nù ún lára nígbàkígbà tó bá fẹ́ kọjá lẹ́yìn káńtà, á ní àyè ò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà míì wà lápá kejì tí gbogbo àwa tó kù ń gbà. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lóru, ó ń fi vóìsì nóòtù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní kó rántí o, òun lòun máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé èèyàn ga lópin ọdún. Ọmọ náà fara dà á fara dà á, ó wá lọ bá mánéjà, èyí tó gba ọkàn, kò sí bó ṣe lè rọrùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mánéjà ṣe? Ó ní kí wọ́n lọ ra móòtì àti míìtì-páì wá, ó pe ìpàdé.

Wọ́n ní kí n wá jókòó torí obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mánéjà, súpáfáísọ̀, bàbá kan tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́, ọmọ náà, èmi. Ọmọ náà ò fọwọ́ kan míìtì-páì, ó kàn ń fi èékánná họ bébà tó wà lára ìgò móòtì títí gbogbo ẹ̀ fi ṣí kúrò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mánéjà ni "Kí lo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Yúnífọ́ọ̀mù ni! Yúnífọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn rán fún un tí wọ́n sì yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù ẹ̀. Mo sọ ọ́, mo ní "Sà, yúnífọ́ọ̀mù wa ni o", ó ní kí n jẹ́ kóun sọ̀rọ̀. Bàbá yẹn ní "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, eré ló ń bá ẹ ṣe, uṣẹ́ lo wá ṣe níbí, fojú sí uṣẹ́ ẹ." Súpáfáísọ̀ ní tóun bá ṣẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ẹ gbọ́ o, "tóun bá" ló ní, ó nawọ́ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mánéjà. Ó kúnlẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kò yẹ ká kọ gbogbo èyí sílẹ̀, mánéjà wò mí títí, ó ní ṣé mo fẹ́ ba ilé iṣẹ́ lórúkọ jẹ́ ni, ṣé mi ò mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ ni.

Ta ló ń wá ọ̀rẹ́? Owó oṣù lọmọ náà ń wá.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n gbé e lọ sí bránṣì tó wà n'Íkẹ̀rẹ́, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹ̀, owó ọkọ̀ ló ń jẹ gbogbo ẹ̀ tán, nígbà tó yá kò wá mọ́. Súpáfáísọ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí èmi náà fi kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ti lè gbàgbé, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àkọsílẹ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò sí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá lọ bi wọ́n lónìí wọ́n á ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn, tó bá sì jẹ́ fáìlì lẹ fẹ́ wò, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ dákun, ká ní owó káńtà ló dín ẹgbẹ̀rún márùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣé móòtì lẹ máa rà? Ẹ ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni relé! Ẹ máa ka owó, ẹ máa tún un kà, ẹ máa ní kí kálukú kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kó buwọ́ lù ú, tó bá fi máa di àárọ̀ kuérì ti dé ọwọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn, ẹ ò sì ní bi káńtà pé kí ló wọ̀ tí wọ́n fi jí owó inú ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó rán yín lọ kọ́ ọ l'Ámẹ́ríkà. Ohun kan náà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún owó, òun ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe fún èèyàn. Ìjà là ń parí, ẹni méjì tó jọ ṣẹ ara wọn là ń là. Ọmọ tó wá sọ fún yín pé wọ́n ń fọwọ́ kan òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìròyìn ló mú wá fún yín, ìròyìn sì rèé, ńṣe la ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fún ìwé. Èkìtì yìí, bá a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bà. Ọkùnrin tí wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn yẹn, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá ọmọ náà ń lọ, tàbí bàbá ẹ̀ joyè nílùú wọn, tàbí kó jẹ́ òun gan-an ló bá ọmọ náà wáṣẹ́ ọ̀hún, ẹ wo wàhálà! Kí ọmọ náà tó délé, ìyá ẹ̀ ti gbọ́ l'Ọ́jà Ọba pé ọmọ ẹ̀ fẹ́ ba ọmọlúàbí èèyàn lórúkọ jẹ́, nígbà tó bá sì délé, ìyá tó yẹ kó gbá a mọ́ra ló máa kọ́kọ́ bi í pé ta ló ní kó lọ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dákẹ́ lọ́dọ̀ yín, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ọkùnrin yẹn gan-an. Ẹ wá rò ó wò, ìpàdé tẹ́ ẹ pe èèyàn márùn-ún sí, ṣé ẹ rò pé ó máa parí sínú ọ́fíìsì?

Èyí tó tún le jù ni ilé iṣẹ́ tọkọtìyàwó. Ọ̀gá ló ni ín, màdámù ló ń mójú tó òṣìṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, ṣé ọ̀dọ̀ màdámù ni kí ọmọ náà gbé ẹjọ́ lọ? Wọ́n á lé e kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á tún ní ó fẹ́ gba ọkọ ọlọ́kọ. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ tó pọ̀, ní síkúùlù pàápàá, níbi tí tíṣà ti ń gba owó táṣẹ́rẹ́ tó sì tún ń gbé nínú ilé tí proprietor kọ́ sẹ́yìn kíláàsì.

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé òfin ò kan aládàáni. Ó kàn yín dáadáa. Èkìtì wa yìí tá à ń pè ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, a wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe òfin tó dìídì dojú kọ irú ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí obìnrin, ọdún 2011 ni, lásìkò Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019 nígbà tó padà dé, bí ìyàwó ẹ̀, Erelú Bísí Fáyẹmí, ṣe gbé e karí nígbà yẹn kò pamọ́ fún ẹni tó bá ń gbé Adó. Ti ibi iṣẹ́ gan-an tún wà nínú kọnsitíṣọ̀n. Òótọ́ ni pé Labour Act àtijọ́, òfin tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ò dárúkọ ẹ̀ rárá, ìyẹn lẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn lọ́yà yín, àmọ́ àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí kọnsitíṣọ̀n ní 2010 ti gbé ẹjọ́ ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu níbi iṣẹ́ lé National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́, lọ́wọ́, abala 254C ló wà. Nígbà tí kóòtù náà wá gbé ìlànà wọn jáde ní 2017, wọ́n to ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ sínú Order 14, ẹ lọ kà á, ẹ máa rí ara yín níbẹ̀. Kì í ṣe ìfọwọ́kàn nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀, àpárá rírùn, sísọ̀rọ̀ nípa ara obìnrin, bíbi í léèrè ohun tó ń ṣe pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ tàbí bọ̀ọ́fúrẹ́ńdì ẹ̀, títí kan sísúfèé sí i. Kéèyàn máa fi àwòrán ìhòòhò han ẹni tí kò fẹ́ rí i wà níbẹ̀. Kí ọ̀gá sì máa sọ pé kó o tó ríṣẹ́, kó o tó gbéga, kí owó ẹ tó lé, o gbọ́dọ̀ wá bá mi, ìyẹn náà wà níbẹ̀ gedegbe, yálà ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àbí ẹni tó ṣì ń wáṣẹ́.

Ẹ má sì rò pé ìwé lásán ni. Ní 2013, kóòtù yẹn dá obìnrin kan láre tó pe Microsoft Nàìjíríà àti ọ̀gá ẹ̀ níbẹ̀ lẹ́jọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá náírà, ọ̀gá nìkan kọ́ ló jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ náà jẹ nínú ẹ̀. Microsoft lè san án. Ṣé ẹ̀yin lè san án? Nàìjíríà tún ti fọwọ́ sí àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní C190 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé ààbò náà kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tí wọ́n ti lé kúrò níṣẹ́ pàápàá, ó sì kan ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù àti ilé tí ilé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ gbé. Ìyẹn ni pé kọ́pà tí wọ́n gbé sí síkúùlù yín wà níbẹ̀, ọmọ IT tó wá kọ́ṣẹ́ láti pólì wà níbẹ̀. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìn kíláàsì yẹn náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fọwọ́ ba ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà, torí ibẹ̀ lẹ ti ń ṣe bí ẹni pé kò kàn yín. Ẹ̀yin báńkì kékeré, ẹ máa gbé tágẹ́ẹ̀tì lé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lórí, ẹ ní kó lọ mú mílíọ̀nù wá lóṣù, ẹ máa yan kíláyẹ́ǹtì fún un, ẹ mọ irú èèyàn tí kíláyẹ́ǹtì yẹn jẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà á padà wá sọ fún yín pé bàbá náà ní àfi kóun wá bá òun ní họ̀tẹ́ẹ̀lì lálẹ́ kóun tó fowó síbẹ̀, ẹ ó ní "Ìwọ ṣáà rẹ́rìn-ín sí i, má jẹ́ kówó yẹn bọ́." Kí lẹ fẹ́ kó yé e nínú ìyẹn? Ẹ̀yin onígẹ́ẹ̀sì họ́ọ̀sì náà, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ sí yàrá àlejò lálẹ́, ẹ máa fi ẹnì kejì tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé tí àlejò bá di ọwọ́ ẹ̀ mú, àlejò ló máa kó ẹrù jáde, ẹ ò ní ní kó lọ tọrọ àforíjì.

Àwọn ọkùnrin yín máa sọ pé àwọn obìnrin lè purọ́ mọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè purọ́, ọkùnrin lè purọ́, obìnrin lè purọ́. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá àgbà òṣìkà ni, mi ò ní kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan kẹ́ ẹ lé ẹnì kejì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n bi ẹlẹ́rìí, kí wọ́n wo fóònù, kí wọ́n wo CCTV tẹ́ ẹ gbé kọ́ síbẹ̀ tó jẹ́ olè nìkan lẹ fi ń mú. Ìpàdé àforíjì ò fọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni tó jẹ̀bi ò jìyà, ẹni tí kò jẹ̀bi sì máa gbé e káàkiri Adó títí tó fi máa kú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe wá rèé. Ẹ yan ẹni tí òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn, kó ju ẹyọ kan lọ, kí obìnrin wà nínú wọn, kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ará ìta tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ yín tí kò sì bá yín tan, lọ́yà ni o, prínsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni o, ẹni tó bá ṣáà lè sọ òótọ́ fún yín lójú. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá wá, kí ẹni tó gbọ́ ọ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọjọ́ wo, agogo mélòó, ibo, ọ̀rọ̀ wo ló jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn, ta ló wà nítòsí, kí ọmọ náà kà á, kó buwọ́ lù ú, kó mú ẹ̀dà kan dání lọ sílé. Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì o, ẹ má sọ pé ẹ máa bá a tọ́jú ẹ̀. Ẹ fún ọkùnrin yẹn náà láyè kó kọ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín wọn níyà títí tẹ́ ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò níbẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ bá gbé lọ s'Íkẹ̀rẹ́, òun làwọn tó kù máa kà sí ẹlẹ́bi, ẹ̀ báà wàásù títí di ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, ẹni tí kò gba kuérì rí tó wá ń gba kuérì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tó fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n ṣàdédé gbé sí iṣẹ́ òru, ẹ ò nílò babaláwo kó tó yé yín. Tí ẹ bá sì parí ẹ̀, ẹ pe ọmọ náà, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí fún un, àwọn míì máa ń fẹjọ́ sùn tí wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí ọdún á fi yípo.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ máa ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n bá wọn sọ gbólóhùn kan. Ẹ má pa vóìsì nóòtù yẹn rẹ́ o, bó ti wù kó rí yín lára tó. Ẹ ṣe screenshot, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ rántí ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Ifẹ̀ tó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2018, gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn tí ọmọ tó ń kọ́ ká sórí fóònù, ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ló sì gbé e lọ sí kóòtù, torí kéèyàn fi ipò ẹ̀ béèrè ìbálòpọ̀, ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n kà á sí bíi rìbá. Ẹni tí wọ́n bá sì fipá bá lò, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ o, ọ̀gá kankan ò láṣẹ láti parí ẹ̀ sínú ọ́fíìsì, ẹ gba Moremi Clinic lọ, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ó wà ní EKSUTH, ọsibítù ńlá yunifásítì ìpínlẹ̀ wa l'Ádó, kó tó wẹ̀ tàbí fọ aṣọ tó bá ṣeé ṣe, kí wákàtí méjìléláàádọ́rin má tíì kọjá torí oògùn tó ń dènà HIV, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá.

Ó ku ẹ̀yin ọ̀gá. Mi ò ní kẹ́ ẹ tẹ ìwé ìlànà olójú ewé ọgọ́rùn-ún. Ojú ewé kan tó, lédè tí ẹni tó ń gbálẹ̀ lè kà, kẹ́ ẹ kọ Yorùbá náà sí i. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń buwọ́ lùwé láàárọ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́ sínú ọ́fíìsì mánéjà tí wọ́n á máa kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó kà á. Nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀, ẹ sì kọ́kọ́ fi fóònù míì pè é fúnra yín, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹnì kan máa gbé e.

Èmi ni,
Obìnrin àkáǹtì kan l'Ádó-Èkìtì